Ooru, Omi àti Wíwú Gàrí: Ìtàn Ìmọ̀ Sítáàṣì láti Orí Agbada dé Ilé Ìwádìí Òṣòdì

Ìfáárà

Ní àwọn ọjà agbègbè Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, oníbàárà tó mọ gàrí rà kì í fi ojú lásán rà á. Yóò bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, yóò jù ú sẹ́nu láti mọ bí ó ṣe kan tó, yóò sì tẹ́tí sí bí ó ṣe ń ró lábẹ́ eyín láti mọ̀ bóyá ó gbẹ dáadáa. Bí ọkàn rẹ̀ kò bá tíì balẹ̀, yóò ní kí ìyá onígàrí bu omi tútù sínú ife kí ó sì da gàrí díẹ̀ sí i. Àwọn méjèèjì yóò dúró wò ó. Gàrí tó bá wú títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo inú ife ni gàrí. Èyí tó bá rì sísàlẹ̀ bí iyanrìn, tí omi sì dúró gedegbe lórí rẹ̀, kò níyì lójú ẹnikẹ́ni. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà: òṣùwọ̀n bíi kóńgò ni a fi ń ta gàrí, a kì í wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n onírin bí ẹran. Kóńgò kan gàrí tó ń wú yóò bọ́ ọmọ mẹ́rin níbi tí kóńgò kan èyí tí kì í wú kò ti ní tó ọmọ méjì.

Ohun tí àwọn méjèèjì ń dán wò nínú ife yìí ni àwọn onímọ̀ kẹ́místìrì ń kọ̀wé lé lórí lábẹ́ orúkọ mìíràn. Orúkọ tí wọ́n fún un ni wíwú jẹ́ẹ̀lì pọ́límà, ìbéèrè wọn sì ni bí ìwọ̀n ooru ṣe ń pinnu iye omi tí irú jẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ yóò gbà sínú. Iṣẹ́ yìí yóò tọpa bí ìmọ̀ yìí ṣe rìn láti orí agbada àwọn ìyá tó ń yan gàrí dé ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Òṣòdì. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé kíkan gbágùúdá ni àwọn ìwé ìgbà náà gbé lékè nínú ìtàn gàrí ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ooru gan-an ni ó jẹ́ ìdí ọ̀ràn.

Ohun tí ooru ń ṣe nínú sítáàṣì

Pọ́límà ni ẹ̀wọ̀n gígùn tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún mólékù kéékèèké so pọ̀ mọ́ ara wọn láti di. Bí irú ẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀ bá fi ara kọ́ ara wọn bí okùn àwọ̀n apẹja, tí omi sì há sí àárín wọn, ohun tí a rí ni jẹ́ẹ̀lì. Kì í ṣe omi, kì í sì í ṣe òkúta. Ẹ̀kọ inú ewé jẹ́ àpẹẹrẹ tí kò ní ìdíje.

Oríṣi ẹ̀wọ̀n méjì ló wà nínú sítáàṣì. Ọ̀kan nà gbọọrọ, wọ́n ń pè é ní amílósì. Èkejì ya ẹ̀ka bí igi, òun ni amilopẹ́kítìnì. Nínú sítáàṣì gbágùúdá, èyí tó nà gbọọrọ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Nínú ti àgbàdo, ó tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Inú hóró wínníwínní ni ẹ̀wọ̀n méjèèjì dì sí, wọ́n tò létòlétò, wọ́n sì fún mọ́ra. Nígbà tí a bá da irú hóró bẹ́ẹ̀ sínú omi tútù, yóò mu omi díẹ̀, yóò sì dá a padà bí a bá sá a sóòrùn. Ìdí nìyí tí ògì tútù fi ń tòrò, tí omi rẹ̀ sì ń dá dúró lókè.

Ṣùgbọ́n bí ooru bá ti dé ibì kan, ohun gbogbo yí padà. Fún gbágùúdá, ibẹ̀ wà láàárín nǹkan bí 60°C sí 70°C. Fún àgbàdo, ó fi díẹ̀ ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, láàárín nǹkan bí 62°C sí 72°C. Níbẹ̀ ni ìdè tó mú àwọn ẹ̀wọ̀n náà mọ́ra yóò tú. Omi yóò ya wọ inú hóró, hóró yóò wú ní ọ̀pọ̀ ìgbà ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, díẹ̀ nínú àwọn ẹ̀wọ̀n gbọọrọ yóò sì jò sínú omi. Ẹni tó ń po ẹ̀kọ mọ àkókò yìí ní ọwọ́: ọmọ orógùn tó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ yóò wúwo lójijì. Kò sí ìpadàsẹ́yìn mọ́. Ẹ̀kọ tó ti jinná kò lè di ògì tútù mọ́, ì báà tutù di ọ̀la.

Bí ẹ̀kọ bá ń tutù, àwọn ẹ̀wọ̀n gbọọrọ yóò tún máa wá ara wọn kiri, wọn yóò so pọ̀, ẹ̀kọ yóò sì dì. Nítorí pé wọ́n pọ̀ nínú àgbàdo ju inú gbágùúdá lọ ni a fi lè pọ́n ẹ̀kọ àgbàdo sínú ewé kí ó sì dúró, nígbà tí sítáàṣì gbágùúdá tí a fi omi gbígbóná pò ń fà yọ̀ọ̀ bí oje igi.

Kókó kan tún kù tí a kò gbọdọ̀ fojú fò dá, nítorí orí rẹ̀ ni ìtàn gàrí dúró lé. Ooru nìkan kò tó. Bí omi kò bá sí nínú hóró, 70°C kò ní tú ìdè kankan. Bí omi bá ṣe ń dín kù ni ìwọ̀n ooru tí a nílò ń ga sí i. Ooru àti omi gbọdọ̀ pàdé ní àkókò kan náà.

Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ òkèèrè dé sí irú ọ̀rọ̀ yìí láti ọ̀nà mìíràn. Ní 1978, Toyoichi Tanaka, ọmọ ilẹ̀ Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní MIT ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé jẹ́ẹ̀lì kan tí ènìyàn ṣe lè súnkì lójijì bí ìwọ̀n ooru tàbí omi tó yí i ká bá yí padà díẹ̀. Ní 1984, òun àti Hirokawa ròyìn irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ nínú jẹ́ẹ̀lì mìíràn tí orúkọ ìgékúrú rẹ̀ ń jẹ́ NIPA. Jẹ́ẹ̀lì yìí ń wú nínú omi tútù, ṣùgbọ́n bí ooru bá kọjá nǹkan bí 33°C, yóò tu omi inú rẹ̀ jáde, yóò sì kéré. Bí a bá tún mú un tutù, yóò wú padà. Ẹ ò rí i pé òdìkejì sítáàṣì pátápátá ni: sítáàṣì ń fi ooru wú, kì í sì í padà, èyí ń fi ooru súnkì, ó sì ń padà. Àwọn tó ń ronú lílò rẹ̀ fún oògùn fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ìwọ̀n ooru rẹ̀ sún mọ́ ti ara ènìyàn. A lè fi kún un pé ó sún mọ́ ti ọ̀sán oṣù Ẹrẹ́nà ní Òṣòdì pẹ̀lú. Jẹ́ẹ̀lì tí yóò wú jẹ́ẹ́jẹ́ nínú láàbù ìlú olótùútù lè súnkì fúnra rẹ̀ lórí tábìlì níhìn-ín bí iná ẹ̀lẹ́tíríìkì bá lọ.

Gàrí ní Èkó kí Òṣòdì tó ní ilé ìwádìí

Láti ilẹ̀ Bùràsíìlì ni gbágùúdá ti wá, àwọn Potogí ló sì gbé e dé etí òkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Síbẹ̀, kò tètè gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ohun tí ọ̀pọ̀ onítàn gbà ni pé àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó gba òmìnira lóko ẹrú tí wọ́n padà sí Èkó, Àgbádárìgì àti Ouidah ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, ni wọ́n mú ọgbọ́n rírin, fífún àti yíyan rẹ̀ gbilẹ̀. Nígbà tí ojú irin so Èkó pọ̀ mọ́ Ìbàdàn ní 1901, tó sì gba Òṣòdì kọjá, oúnjẹ láti oko rí ọ̀nà tó yá dé ìgboro.

Nígbà ogun àgbáyé kejì, gàrí di ọ̀rọ̀ ìṣèlú. Láti 1941, ìjọba amúnisìn gbé iṣẹ́ àkóso iye owó oúnjẹ lé Ọ̀gágun Pullen lọ́wọ́, wọ́n sì dá àwọn ọjà sílẹ̀ tí a ti ń ta oúnjẹ ní iye tí ìjọba fọwọ́ sí. Àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó, tí Alímọ̀tù Pẹlẹ́wùrà ṣáájú wọn, kọ̀ jálẹ̀. Àwọn onítàn ti kọ̀wé púpọ̀ lórí ìjà yìí gẹ́gẹ́ bí ìjà òṣèlú àti ti ọrọ̀ ajé, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ra gàrí rí yóò rí ẹ̀gbẹ́ mìíràn níbẹ̀. Iye owó kan ṣoṣo lórí òṣùwọ̀n kan ṣoṣo túmọ̀ sí pé gàrí tó ń wú àti èyí tí kì í wú di ọgba. Òṣìṣẹ́ ìjọba lè kọ iye owó sórí pátákó. Kò lè kọ wíwú síbẹ̀.

Kí wá ni ó ń mú gàrí wú nínú omi tútù, nígbà tó jẹ́ pé sítáàṣì tútù kì í wú? Ìdáhùn wà lórí agbada. Lẹ́yìn tí a bá ti bó gbágùúdá, tí a rin ín, tí a dì í sínú àpò tí a sì gbé òkúta lé e fún ọjọ́ mélòó kan, nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ ṣì jẹ́ omi. A óò fi asẹ́ kù ú, a óò sì gbé agbada kaná. Iṣẹ́ méjì ni ìyá tó ń yan gàrí ń ṣe láti ìhín lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ẹni tó ń wò ó láti ẹ̀yìn lè rí i bí ẹyọ kan. Lákọ̀ọ́kọ́, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa da gbágùúdá náà sórí agbada, tí yóò máa fi àfọ́kù igbá tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin gbígbóná, tí yóò sì tún tètè há a kúrò kí ó má baà jó. Èéfín omi funfun yóò máa rú. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà nínú rẹ̀, ooru inú wóró náà kò lè fi bẹ́ẹ̀ kọjá ti omi híhó, ṣùgbọ́n ó ti ju 70°C lọ dáadáa: sítáàṣì ń jinná nínú omi ara rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò máa ró o káàkiri títí omi yóò fi gbẹ kúrò lára rẹ̀, tí wóró kọ̀ọ̀kan yóò sì dá dúró.

Bí iná bá pọ̀ jù ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn wóró yóò gbẹ kí inú tó jinná, púpọ̀ yóò sì di kókó. Bí iná bá kéré jù, omi yóò ti lọ kí ooru tó dé ibi tí ìdè ti ń tú. Ohun tí yóò kù ni ìyẹ̀fun tó gbẹ ṣùgbọ́n tó ṣì tútù nínú, irú èyí tó ń rì sísàlẹ̀ ife. Gàrí tó jinná dáadáa ni sítáàṣì tí a ti ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀, tí a sì mú gbẹ pẹ̀lú ìlẹ̀kùn ṣíṣí. Ìdí nìyí tí omi tútù fi tó o. Gàrí tó dára máa ń wú dé bí ìlọ́po mẹ́ta ìwọ̀n rẹ̀ nínú omi tútù. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì oúnjẹ náà ti gba èyí gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n. Ti ẹ̀bà yàtọ̀ díẹ̀: omi híhó ló ń parí jíjinná tí agbada kò parí, ìdí sì nìyí tí omi tí kò hó dáadáa fi máa ń ba ẹ̀bà jẹ́.

Ilé ìwádìí ní Òṣòdì

Ní 1953, ikọ̀ kan láti Báńkì Àgbáyé wá sí Nàìjíríà láti yẹ ọrọ̀ ajé ilẹ̀ náà wò. Lára ohun tó tẹ̀yìn àbá wọn jáde ni ilé ìwádìí tí yóò wá ọ̀nà láti sọ irè oko di ọjà ilé-iṣẹ́. Ní 1956 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Òṣòdì ni wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ dó sí, nítòsí Cappa lẹ́bàá ọ̀nà Agége. FIIRO ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí lónìí. Gàrí wà lára iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé lọ́wọ́. Kò yani lẹ́nu: Èkó ń gbòòrò, ẹnu sì pọ̀ níbẹ̀ ju agbada lọ.

Ní 1959, Collard àti Levi gbé iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature, níbi tí wọ́n ti sọ pé ìpele méjì ni kíkan gbágùúdá ní. Baktéríà kan ló kọ́kọ́ ń sọ sítáàṣì di oje kíkan, lẹ́yìn náà ni irú olú wínníwínní kan ń dá òórùn gàrí sílẹ̀. Ní 1962, I. A. Akinrele, Cook àti Holgate ka iṣẹ́ lórí ṣíṣe gàrí ní Nàìjíríà níbi àpérò àgbáyé àkọ́kọ́ lórí sáyẹ́ǹsì oúnjẹ tó wáyé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1964, Akinrele tún gbé iṣẹ́ mìíràn jáde lórí kíkan náà. Àwọn onímọ̀ tó dé lẹ́yìn wọn ti tún ọ̀rọ̀ ìpele méjì yẹn yẹ̀ wò, wọ́n sì fi hàn pé àwọn baktéríà tó ń mú wàrà kan ló kó ipa tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ibi tí a ń lọ kọ́ nìyẹn.

Ìbéèrè tó yẹ kí a bi ni pé èé ṣe tó fi jẹ́ kíkan ni wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ. Ìdí kan ni pé ilé-iṣẹ́ ńlá kò lè máa dúró de àpò gbágùúdá fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Àwọn ará Òṣòdì sì rí i pé bí a bá fi omi gbágùúdá tó ti kan tẹ́lẹ̀ sí tuntun, yóò tètè kan. Ìdí kejì kan ìwà àwọn ọ̀mọ̀wé fúnra wọn. Baktéríà ní orúkọ Látìn, a lè rí i lábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi, ìwé ìròyìn òkèèrè yóò sì gbà á. Ta ni yóò gba ìwé lórí bí obìnrin kan ṣe ń yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ nígbà tó bá ń fi àfọ́kù igbá tẹ gbágùúdá? Bẹ́ẹ̀ ọwọ́ yẹn ni ẹ̀rọ kò rí ṣe.

Ìtàn àwọn ẹ̀rọ náà jẹ́rìí sí i. Ẹ̀rọ ìrin tètè dé abúlé, wọ́n sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, nítorí pé ó gba ìka àwọn obìnrin lọ́wọ́ páànù olójú híhá. Ẹ̀rọ ìfún onírin rọ́pò òkúta láìsí wàhálà. Iṣẹ́ méjèèjì kò ju agbára lọ: gé e wẹ́wẹ́, tẹ omi jáde. Yíyan ló kù sẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ẹ̀rọ tó ń yan gàrí gbọdọ̀ jẹ́ kí ó fún un ní ooru, kí ó tẹ̀ ẹ́, kí ó há a, kí ó sì yí i padà ní àkókò kan náà, kí omi má sì lọ ṣáájú ooru. Bí ẹ̀rọ bá ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí gbágùúdá rírin bí ìgbà tí a ń gbẹ àgbàdo, yóò gbẹ ẹ́ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní yan án. Ìyàtọ̀ láàárín gbígbẹ àti yíyan ni gbogbo ọ̀ràn, ìyàtọ̀ náà kò sì sí lára baktéríà kankan.

Ilé-iṣẹ́ Newell Dunford ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ilé ìwádìí Òṣòdì ṣe láti sọ ìlànà rẹ̀ di ẹ̀rọ ńlá fún ilé-iṣẹ́. Ní Yunifásítì Nsukka, àti ní Ìbàdàn lọ́wọ́ J. C. Igbeka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn ẹlẹ́rọ gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n jókòó ti àwọn ìyá tó ń yan gàrí, wọ́n sì kọ ìṣísẹ̀ wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní èyí, wọ́n gbà pé ìmọ̀ tí wọ́n ń wá ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó dé. Púpọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ gàrí ńlá kò pẹ́ lórí ìdúró. Gbágùúdá kò dé ọ̀dọ̀ wọn tó, epo sì wọ́n, nígbà tí agbada ẹ̀yìnkùlé ń bá wọn díje ní ọjà kan náà. Ohun tó wá gbilẹ̀ jù ni ọ̀nà àárín: agbada onírin tí kì í dípẹtà, tí a mọ ilé ìdáná àti ihò èéfín sí, tí ènìyàn ṣì ń fi ọwọ́ ró. Ó dín èéfín tó ń wọ ojú kù. Ọwọ́ kan náà ló ń tẹ̀ ẹ́.

Ilé ìwádìí yìí tún ṣe sóyì-ògì, ìyẹn ògì tí a fi ẹ̀wà sóyà kún nítorí àwọn ọmọdé tí oúnjẹ amáradàgbà kò tó. Ibi tí ooru ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà ni gbígbẹ. Bí a bá fi ooru tó ju 70°C gbẹ ògì tó ṣì kún fún omi, yóò ti jinná nínú ẹ̀rọ kí ó tó dé ilé ìyá ọmọ. Omi gbígbóná tí ìyá bá wá dà sí i yóò sọ ọ́ di kókó. Ògì gbọdọ̀ gbẹ láìjinná, gàrí sì gbọdọ̀ jinná kí ó tó gbẹ. Nínú ọgbà kan ṣoṣo ní Òṣòdì ni iṣẹ́ méjèèjì ti ń lọ.

Sítáàṣì lára aṣọ ní Ìsọlọ̀

Sítáàṣì kì í ṣe oúnjẹ nìkan, agbègbè yìí sì mọ ìyẹn pẹ̀lú. Ìsọlọ̀, ìlú Àwórì tí Ọṣọlọ̀ jẹ́ ọba rẹ̀, di ibùdó ilé-iṣẹ́ aṣọ lẹ́yìn òmìnira. Aswani àti Afprint ni àwọn ènìyàn rántí jù. Nínú ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ, wọ́n máa ń ki òwú gígùn bọ inú sítáàṣì tó ti jinná lórí iná, wọn yóò sì gbẹ ẹ́, kí òwú má baà já lórí ẹ̀rọ. Lẹ́yìn híhun, wọn yóò fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti èròjà ajẹ-sítáàṣì fọ̀ ọ́ kúrò kí aró lè mú aṣọ. Bí sítáàṣì náà kò bá jinná tó, kò ní lẹ̀ mọ́ òwú. Bí ó bá tutù jù kí òwú tó dé inú rẹ̀, yóò dì.

Àwọn aláró Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ti mọ irú èyí lára àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Láfún tí wọ́n fi omi gbígbóná pò pẹ̀lú áálọ́mù ni wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ yà sára aṣọ. Nígbà tó bá gbẹ, yóò dí ojú aṣọ kí aró má wọ ibẹ̀. Ìkòkò aró tútù ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sí. Bí aró bá gbóná ni, ẹ̀kọ ara aṣọ yóò tún mu omi, yóò rọ̀, iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ yóò sì bàjẹ́. Iṣẹ́ aṣọ ti lọ kúrò nínú púpọ̀ nínú ọgbà ńláńlá Ìsọlọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ Aswani ṣì wà lára ọjà tó wà níbẹ̀.

Búrẹ́dì àti gàrí inú ọ̀rá

Láti 2002, nígbà tí Ààrẹ Ọbásanjọ́ gbé ètò gbágùúdá kalẹ̀, ìjọba ń fẹ́ kí àwọn oníbúrẹ́dì máa fi ìyẹ̀fun gbágùúdá kún ti àlìkámà, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Nígbà Ààrẹ Jonathan, ní nǹkan bí 2012, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ìdá ogójì. Òṣòdì ni ọ̀pọ̀ oníbúrẹ́dì ti lọ kọ́ bí a ṣe ń ṣe é. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé gbágùúdá kò ní èròjà tó ń mú ìyẹ̀fun àlìkámà nà bí rọ́bà, òótọ́ sì ni. Ohun tí a kì í sábà gbọ́ ni ti ooru tí wọ́n fi gbẹ ìyẹ̀fun náà. Bí ẹ̀rọ bá gbóná jù nígbà tí gbágùúdá ṣì tutù fún omi, sítáàṣì yóò jinná, ìlẹ̀kùn rẹ̀ yóò sì ṣí. Irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ yóò mu omi àpòpọ̀ búrẹ́dì mu ju bó ti yẹ lọ, yóò sì lẹ̀ mọ́ ọwọ́ oníbúrẹ́dì. Ìwà kan náà tó sọ gàrí di ojúlówó ló ń sọ ìyẹ̀fun búrẹ́dì di aláìwúlò.

Ní ti gàrí fúnra rẹ̀, àjọ Codex tó ń rí sí ìlànà oúnjẹ lágbàáyé ti gbé ìlànà kalẹ̀ fún un: omi rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kíkan rẹ̀ sì gbọdọ̀ wà láàárín ìdá 0.6 sí 1. Ní Nàìjíríà, NAFDAC, tí ọgbà ọ́fíìsì rẹ̀ kan wà ní àdúgbò ilé-iṣẹ́ Ìsọlọ̀, ló ń fún gàrí inú ọ̀rá ní nọ́ńbà. Irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ wà lórí àtẹ ṣọ́ọ̀bù káàkiri agbègbè náà, ó mọ́, a sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí i lára ní kílò. Ṣùgbọ́n a ti lẹ ẹnu rẹ̀ pa, kò sì sí bí oníbàárà ṣe lè bu díẹ̀ sínú ife omi kí ó tó sanwó. Bí àwọn kan ṣe ń rà á, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn ń rìn kọjá lọ sọ́dọ̀ ìyá onígàrí tí abọ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí ife àti omi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.